Kí ló ń kùn nínú sípíkà mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fọwọ́ ara mi to amplifier sítẹ́ríò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè. Bí mo bá ki okùn orin bọ apá kan, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí mo bá ki ìkejì bọ̀ ọ́, ó ń kùn bí oyin. Ṣé kí n já wáyà ẹ́ẹ̀tì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dán an wò! Wáyà yẹn ni kò ní jẹ́ kí àpótí irin gbé yín. Ẹ dè é mọ́ ọn pinpin.

Wáyà ilẹ̀ (èyí tí iná orin ń gbà padà, kì í ṣe wáyà ẹ́ẹ̀tì) apá òsì àti tọ̀tún ló pàdé lẹ́ẹ̀mejì, níbi tórin ti ń wá àti nínú àpótí. Ó ti di òrùka, tiransifọ́mà sì ń rí i bá ṣeré; òun lẹ ń gbọ́ tó ń kùn. Ẹ kó gbogbo wáyà ilẹ̀ jọ sójú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kì í ṣe sórí wáyà tó so capacitor ńlá méjèèjì tó ń tọ́jú iná pọ̀ o. Iná ń ya lù ú níbẹ̀ nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá bí iná yín bá jẹ́ 50 Hz. Lẹ́yìn náà, ẹ fi resistor 10 ohm, èyí tó ń dín ìṣàn iná kù, sáàárín ilẹ̀ orin àti ilẹ̀ iná lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Tèmi gba òru méjì lọ́wọ́ mi. Ojú ihò okùn orin ló ń kan irin àpótí. Rọ́bà pẹlẹbẹ kékeré kan ló parí ẹ̀.