Àfẹ́sọ́nà ọmọ mi kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Èlùbọ́ ni mò ń tà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti tọ́ àwọn ọmọ mi. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin, tó ń bá mi tajà, mú ọkùnrin kan wá sílé. Ọmọ gidi ni, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Seventh-day Adventist ni. Ó ní Sátidé ni Ọlọ́run pa láṣẹ, pé ọba Róòmù kan tó ń jẹ́ Constantine ló yí i sí Sọ́ńdè. Ọmọ mi ti bá a lọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Sátidé méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀kọ́ òdì ni, pé kí n fòpin sí i. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọkùnrin yìí sọ? Bí a bá sì gbà, ọjọ́ wo la fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, nígbà tí ìjọ tiwọn kò ní gba Sátidé, tí tiwa kò sì ní gba Sọ́ńdè?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, inú mi sì dùn sí i gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ṣe pásítọ̀, tí mo sì fi kọ́ àwọn tó ń múra iṣẹ́ náà ní ìtàn ìjọ, ìgbà tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ tán ni wọ́n sábà máa ń mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Constantine kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́ ló ṣòfin. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 321, ó pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́, àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi ní ọjọ́ oòrùn. Ó yọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, kí àsìkò gbígbìn má baà kọjá wọn. Ohun tó ṣe nìyẹn: ó sọ Sọ́ńdè di ọjọ́ tí a kì í ṣiṣẹ́. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ kó àwọn Kristẹni jọ lọ́jọ́ náà. Justin, ẹni tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ ní Róòmù, ti kọ̀wé sí olú-ọba ayé ìgbà tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 155. Ó ní ní ọjọ́ oòrùn, ará ìlú àti ará oko máa ń pé jọ, wọ́n á ka ìwé àwọn àpọ́sítélì àti ti àwọn wòlíì, olórí wọn á gbà wọ́n níyànjú, wọ́n á dìde gbàdúrà, wọ́n á sì pín búrẹ́dì àti wáìnì. Ó tilẹ̀ sọ ìdí rẹ̀: ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí dá ayé, ọjọ́ yẹn náà ni Jésù jíǹde. Ìwé yẹn ti lé ní ọdún 160 nílẹ̀ kí òfin Constantine tó jáde.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín má tíì yọ̀. Lẹ́yìn Constantine gan-an, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Laodíkíà, wọ́n ṣòfin pé kí Kristẹni má ṣe fi Sátidé sinmi bíi ti àwọn Júù mọ́, kí wọ́n ṣiṣẹ́. A kì í fòfin de ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Àwọn Kristẹni tó ń pa Sátidé mọ́ ṣì wà nígbà náà nìyẹn. Títí di òní, Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Etiópíà ń bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ méjèèjì, Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn yẹn sì ti ń sin Jésù kí ẹnikẹ́ni tó mú Bíbélì wá sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tó lọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ àwa Yorùbá lọ́wọ́, èdè wa ni. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì parí ní 1884, “ọjọ́ ìsinmi” ni wọ́n pe Sábáàtì. Ọjọ́ keje, ìyẹn Sátidé, ni ìwé náà ń sọ. Àwa sì rèé, “Ọjọ́ Ìsinmi” kan náà là ń pe Sọ́ńdè. Ọmọ tó bá jókòó ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tó ń ka “Rántí ọjọ́ ìsinmi láti yà á sí mímọ́” sórí, Sọ́ńdè ni etí rẹ̀ gbọ́. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Màmá, ẹ ṣí Mátíù 28:1 nínú Bíbélì yín lálẹ́ òní. Ẹ ó rí i pé ọjọ́ ìsinmi ti kọjá, ilẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀ sì ń mọ́ bọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin lọ wo ibojì. Ọjọ́ méjèèjì wà nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, wọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà. Nílé bàbá mi, alẹ́ Sátidé la máa ń lọ ata, la máa ń pọnmi kún àmù, la máa ń fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilẹ̀ Sọ́ńdè bá mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọmọ odó. Nígbà tí mo dàgbà ni mo mọ ibi tó ti wá. Àwọn onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn tí wọ́n kọ ní Westminster parí ní 1646, gbà pé òfin kẹrin nínú òfin mẹ́wàá, ìyẹn ti ọjọ́ ìsinmi, ṣì múlẹ̀ gan-an, pé àjíǹde Kristi ló mú Sábáàtì láti ọjọ́ keje wá sí ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwọn Onítẹ̀bọmi púpọ̀ gba ẹ̀kọ́ yìí, àwọn òyìnbó ajíhìnrere sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, bàbá mi àti àfẹ́sọ́nà ọmọ yín sún mọ́ra ju bí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ṣe rò lọ. Àwọn méjèèjì gbà pé òfin náà wà. Ọjọ́ tó bọ́ sí ni wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé.

Ẹ̀rí ọmọkùnrin náà kì í ṣe kékeré, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́run sinmi ní ọjọ́ keje kí Júù kankan tó wà láyé. Òfin náà wà láàárín òfin mẹ́wàá tí àwa náà ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Lúùkù 4:16 ní àṣà Jésù ni láti wọ sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi. Kò sì sí ẹsẹ kankan nínú Májẹ̀mú Tuntun tó sọ pé Ọlọ́run ti mú Sátidé wá sí Sọ́ńdè. Mo ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: bí ẹ bá ń wá ẹsẹ yẹn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Kí wá ni èmi fi ń lọ ní Sọ́ńdè? N kò gbà pé Sọ́ńdè jẹ́ Sábáàtì tí wọ́n pààrọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Olúwa ni, ọjọ́ tí ibojì ṣófo. Ní Tíróásì, ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀ ni wọ́n pé jọ láti bu àkàrà, Pọ́ọ̀lù sì sọ̀rọ̀ di ọ̀gànjọ́ òru títí Yútíkọ́sì fi sùn lọ, tó já bọ́ láti àjà kẹta. Mo máa ń rò ó pé iṣẹ́ ojúmọ́ ló ti rẹ ọmọ yẹn, torí kò sí ìsinmi Sọ́ńdè kankan nígbà náà. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì pàdé ní Jerúsálẹ́mù lórí ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn Kèfèrí, wọn kò dárúkọ Sábáàtì. Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí àwọn ará Kólósè pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọn lẹ́jọ́ ní ti ọjọ́ ìsinmi. Àwọn Adventist á ní àwọn ìsinmi ọdọọdún tó bá ẹbọ rìn ni ibẹ̀ ń sọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ka Bíbélì jinlẹ̀ tó rí i bẹ́ẹ̀. Fún ìbéèrè tiyín, Róòmù 14 ni mo fi ń ṣe àtìlẹ́yìn: ẹnì kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn ka gbogbo rẹ̀ sí bákan náà, Pọ́ọ̀lù kò sì lé ìkankan nínú wọn jáde.

Ohun kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín kò mọ̀ nìyí: ọwọ́ Onítẹ̀bọmi ni àwọn Adventist ti gba Sábáàtì. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni àwọn Onítẹ̀bọmi kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pa ọjọ́ keje mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ bẹ́ẹ̀, Rachel Oakes, ló gbé ẹ̀kọ́ náà dé àárín àwọn tó ń retí ìpadàbọ̀ Jésù ní ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà ní 1844. Inú àwọn wọ̀nyẹn ni Seventh-day Adventist ti jáde, tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní 1863. David Babcock ló mú un wá sílẹ̀ Yorùbá ní 1914, Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan láàárín wọn, télọ̀ ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, ó da aṣọ bò ó, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbálẹ̀. Obìnrin kan sáré dé pé òun fẹ́ gba bùbá tí òun fẹ́ wọ̀ sí ìnáwó lọ́jọ́ kejì. Ó gbé aṣọ fún un, ó ti ṣe é tán láti Ọjọ́bọ̀. Obìnrin náà ń ka owó, ọ̀rẹ́ mi ní, “Ẹ fi sọ́wọ́ ná, ẹ mú un wá ní Sọ́ńdè.” Ó ti ilẹ̀kùn, a jọ rìn délé rẹ̀. Oúnjẹ ti wà nínú kúlà, àwọn ọmọ ti wẹ̀, wọ́n ti jókòó yí fìtílà ká, wọ́n ń dúró dè é kó dá orin. Mo padà sílé lọ́jọ́ náà, mo bi ara mi léèrè ohun tí èmi ń fi Sọ́ńdè mi ṣe lẹ́yìn tí ìsìn bá parí.

Nítorí náà, ẹ má fòpin sí i tìtorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kẹ́ ẹ tó gba ẹrù ìdána.

Ẹ bi í pé ṣé ìjọ rẹ̀ yóò so wọ́n pọ̀ bí ọmọ yín kò bá di ọmọ ìjọ wọn. Ìlànà wọn ń rọ àwọn ọmọ ìjọ gidigidi pé kí wọ́n fẹ́ ara wọn, kì í sì í yá pásítọ̀ wọn lára láti so ẹlòmíràn mọ́ wọn. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọjá sọ́dọ̀ wọn, kó jẹ́ pé ó yé e, ó sì dá a lójú, kó má jẹ́ nítorí káàdì ìgbéyàwó. Ẹ bi í pẹ̀lú nípa ohun tí wọ́n máa ń wàásù pé Sọ́ńdè yóò di àmì ẹranko ẹhànnà. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ọjọ́ iwájú ni ìyẹn, pé àwọn ọmọ Ọlọ́run tòótọ́ wà nínú àwọn ìjọ yòókù. Bí òun bá ń pe ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ẹni ègún báyìí, ó ti kọjá ohun tí ìjọ rẹ̀ kọ́ ọ, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Ọ̀rọ̀ ọjà ńkọ́? Ọjà ọrọọrún kì í bi wá léèrè, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń bọ́ sí Sọ́ńdè, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń bọ́ sí Sátidé. Àwọn ìyá tiwa máa ń lọ ìsìn òwúrọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́rù. Ìyàwó Adventist kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé. Kó mọ̀ báyìí pé òun yóò máa pàdánù ọjọ́ ọjà náà, kí ẹ̀yin náà sì ti pinnu ẹni tí yóò dúró sí ìsọ̀ yín.

Ní ti ìgbéyàwó, ẹ mú Ọjọ́bọ̀. Ìdána lówùúrọ̀, ìsopọ̀ lọ́sàn-án, àlejò á ti túká kí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó dé, níbi tí Sábáàtì wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjọ méjèèjì ló lè wá, kò ní sí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lójú. Ẹ pe pásítọ̀ méjèèjì jókòó kẹ́ ẹ tó san owó gbọ̀ngàn.

Kẹ́ ẹ sì pe ọmọkùnrin náà wá jẹun kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Ọjọ́rú lálẹ́ dára. Ẹ fi ìbéèrè yìí síwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ọmọ yín wà níbẹ̀. Ẹ má fi ìgbín tàbí ẹja àrọ̀ sínú ọbẹ̀, wọn kì í jẹ ẹ́. Ẹ pa adìẹ.