Àfòpiná inú àpò àgbàdo kò ní jẹ àdìrẹ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Àwọn àfòpiná kéékèèké tí ẹ ní wọ́n ń fò jáde láti inú àpò àgbàdo ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, kò lè jẹ àdìrẹ tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àgbàdo náà gan-an ni kí ẹ tètè gbà là.

Èyí rí bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ àfòpiná tí ń jẹ ọkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sitotroga cerealella, ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ, fífẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá nà wọ́n jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 18, ìyẹ́ ẹ̀yìn sì jẹ́ aláwọ̀ eérú tí ó ṣóńṣó lórí bí ìka tí ń tọ́ka, tí irun gígùn sì yí etí rẹ̀ ká. Ìyẹ́ ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ wò dáadáa.

Inú hóró kan ṣoṣo ni ìdin rẹ̀ ti ń jẹun títí yóò fi di àfòpiná, tí yóò sì fi ihò róbótó sílẹ̀ bí ó bá ń jáde. Ó wà káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru ní gbogbo ayé, láti oko ni ó sì ti sábà máa ń bá àgbàdo wọlé.

Bí ẹ ṣe lè gba àgbàdo náà là nìyí:

1. Ẹ yin àgbàdo tí ó ṣì wà lórí ṣùkù.
2. Ẹ sá a sóòrùn kí ó gbẹ dáadáa.
3. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má wọlé.

Ní ti òólá tí ń jẹ aṣọ, irun àgùntàn àti ìyẹ́ ẹyẹ ni ìdin tirẹ̀ ń wá. Àdìrẹ òwú tí ó mọ́ kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.