Laptop tó ń dún "tà" bí iná bá ti lọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra hard disk tuntun o. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, pé laptop yín máa ń dún "tà" ní bíi sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, tó sì máa ń dákẹ́ bí iná bá dé, ojú mi ti rí i. Owó mi ló bá a lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé tí a sì ń ṣe fótókọ́pì ni mo ní l'Ákùúrẹ́, kò jìnnà sí Nọ́ọ̀tì Géètì FUTA. Àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré project ni tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó gbé etí lé e, ó mi orí, ó ní hard disk ti ń kú lọ. Mo sanwó, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí tuntun náà fi gba orin lẹ́nu èyí tó lọ: tà... tà...

Iná ló là mí lójú. Lọ́jọ́ kan, mò ń fi bátìrì tẹ chapter three ọmọkùnrin kan, ó ń dún. Bí àdúgbò ṣe pariwo "Up NEPA!" báyìí, ariwo dá. Wọ́n mú iná lọ, "tà" padà. Nígbà tí iná tún dé, mo yọ wáyà, mo fi í padà, mo tún yọ ọ́. Ọmọ yẹn ń wò mí bíi pé orí mi ti fẹ́ yí.

Ṣé ẹ rí i, orí kékeré kan wà nínú disk tó máa ń fò lórí àwo tó ń yí, láìfara kàn án. Tí laptop bá wà lórí bátìrì, ètò tó ń ṣọ́ iná lò máa ń ní kí orí yẹn lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí iṣẹ́ bá ti dá díẹ̀. Lílọ yẹn ló ń dún. Windows ò sì mọ ìjókòó jẹ́ẹ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí nǹkan kọ, ni yóò bá tún pe orí náà jáde.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Power Options, mo yí "Turn off hard disk after" sí Never. Òfo ni. Yíyí àwo nìyẹn ń ṣàkóso, kò kan orí.

Ẹ gba CrystalDiskInfo sórí laptop yín, ètò tó ń yẹ ìlera disk wò ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo ìlà C1, Load/Unload Cycle Count, ìyẹn iye ìgbà tí orí náà ti lọ sinmi. Tí lẹ́tà bá dàpọ̀ mọ́ nọ́ńbà níbẹ̀, ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kẹ́ ẹ mú 10 [DEC]. (Èmi ti kọ́kọ́ ka tèmi ní àṣìkà, mo fò sókè lásán.) Ẹ̀ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá jẹ́ 360 ní wákàtí kan, 2,880 ní wákàtí mẹ́jọ. Disk laptop mìíràn, 300,000 ni àwọn tó ṣe é kọ fún un, òmíràn 600,000. Ti 300,000 kò ní gbà ju ọjọ́ iṣẹ́ 105 lọ.

Nínú Advanced Feature kan náà, ẹ ṣí AAM/APM Control, kẹ́ ẹ gbé APM (ètò tó ń ṣọ́ iná lò tí mo sọ yẹn) dé FE, ìyẹn 254. Kíá ni tèmi dákẹ́. Àmọ́ nígbà tí laptop sùn tó jí, ó ti gbàgbé! Ẹ jẹ́ kí CrystalDiskInfo máa bá Windows jí, kẹ́ ẹ sì tan Auto AAM/APM. Tó bá jẹ́ Linux lẹ̀ ń lò, `sudo hdparm -B 254 /dev/sda` ni. Disk mìíràn wà tí kò gba APM rárá. Ìyẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yí i.

Tẹ́ ẹ bá ti yí i, disk yóò máa gbóná díẹ̀ sí i, bátìrì náà yóò sì tètè tán. Ẹ pa laptop pátápátá kẹ́ ẹ tó gbé e gun ọ̀kadà, torí orí náà kò ní máa sinmi mọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá ń dún nígbà tí iná wà, tí laptop ń dì pa, tàbí tí nọ́ńbà C5 (ibi tí disk ò rí kà dáadáa) tàbí 05 (ibi tó bàjẹ́ tí disk ti fi òmíràn rọ́pò) ti kúrò ní òdo, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ kó fáìlì yín jáde lọ́jọ́ náà gan-an.

Disk tí wọ́n yọ nínú tèmi? Mo padà lọ gbà á. Mo ra case USB fún un, inú rẹ̀ ni mò ń kó project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí títí dòní.