Ìwé Òǹtẹ̀ fún Ọ̀nà Fisterra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Santiago de Compostela ní Sípéènì, kí n sì tẹ̀ síwájú dé Fisterra létí òkun. Ṣé n óò gba ìwé òǹtẹ̀ mìíràn ni, ìyẹn ìwé kékeré tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí fún àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ lójú ọ̀nà? — Òǹkàwé, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Bí àyè bá ṣì kù nínú ti àkọ́kọ́, ó tó, bí ó bá ti kún, ẹ gba òmíràn ní ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ní Santiago, nítorí pé nǹkan bí 90 kìlómítà ló kù, òǹtẹ̀ tí ẹ bá sì gbà ní àwọn ilé ibùwọ̀ ojú ọ̀nà ni wọn yóò yẹ̀ wò ní Fisterra kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí Fisterrana. Ẹ fi ọ̀rá wé ìwé òǹtẹ̀ náà dáadáa, òjò Galicia, agbègbè tí ọ̀nà yìí wà, kì í ṣeré. Físà ńkọ́? Ìyẹn dọwọ́ ẹ́ḿbásì. Ìwé òǹtẹ̀ kò lè múni wọ̀lú.