Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná Nínú Gosiló

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, Toyota Corolla 2005 wa máa ń gbóná nínú gosiló. Tó bá ti ń sáré, ara rẹ̀ á balẹ̀. Mẹkáníìkì ní ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Lórí eré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń tu rédíétọ̀ (ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù) lára; bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ tan ẹ́síì: fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí, ẹ yẹ fíùsì àti relay rẹ̀ (swíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún un) wò kí ẹ tó ra fáànù mìíràn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, torí omi gbígbóná lè tú síni lójú. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹrẹ̀, ìdógùn-ún ti ń dí i nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì da ojúlówó coolant (omi tí wọ́n ṣe fún mímú ẹ́ńjìnnì tutù) sí i. Omi ẹ̀rọ lásán kọ́ o.