Ṣé ti gbogbo Ọsirélíà ni líìgì yìí, àbí ti Melbourne?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Perth ni mò ń gbé ní Ọsirélíà, ọdún kẹta mi rèé, àwọn ọmọ mi ti ya wèrè sí bọ́ọ̀lù wọn ọ̀hún, èyí tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá tí wọ́n tún ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù. Bàbá kan níbi iṣẹ́ wa máa ń sọ pé AFL, líìgì bọ́ọ̀lù yìí, kì í ṣe líìgì orílẹ̀-èdè, pé líìgì ìpínlẹ̀ Victoria tí Melbourne wà lásán ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ṣé òótọ́ ni àbí inú ló ń bí i? – Ìyá Ìbejì, Perth

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn.

Lọ́dún 1897 tí VFL, ìyẹn líìgì Victoria yẹn, bẹ̀rẹ̀, tíìmù 8 péré ni, Victoria ni gbogbo wọn ti wá, Melbourne lèyí tó pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ South Australia ti ní líìgì tiwọn láti 1877, ìpínlẹ̀ tí ẹ̀ ń gbé yìí náà ti ní tiẹ̀ láti 1885. Àmọ́ Melbourne lérò, ó lówó, ó ń fa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá láti ìpínlẹ̀ yòókù. Nígbà tó wá di bíi 1980 sókè gbèsè ti wọ àwọn tíìmù Melbourne lọ́rùn, ni wọ́n bá yíjú síta, South Melbourne kó lọ sí Sydney ní 1982, West Coast ti Perth yín àti tíìmù Brisbane wọlé ní 1987, tó fi di 1990 tí wọ́n sọ VFL di AFL. Orúkọ ni wọ́n pààrọ̀ o, wọn ò pààrọ̀ ìwé àkọsílẹ̀.

Ibi tó ń dun bàbá yẹn nìyẹn, ó sì dun èmi náà. Kọ́ọ̀pù tí Collingwood, tíìmù Melbourne kan, gbà ní 1902, tó jẹ́ pé ará Victoria nìkan ló bá a du ú, inú rẹ́kọ́ọ̀dù AFL ló wà dòní. Ẹ wá wo Port Adelaide, tíìmù South Australia, ó ti gba kọ́ọ̀pù South Australia tó lé ní 30 kó tó wọ AFL ní 1997, nígbà tó wá gba ti AFL ní 2004, àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ fún un. Àkọ́kọ́ kẹ̀! Kódà jẹ́sì wọn àtijọ́, dúdú àti funfun tó nílà gbọọrọ bí irin ẹ̀wọ̀n, wọn ò lè wọ̀ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, torí Collingwood lóun ló ni dúdú àti funfun nínú líìgì yìí. Bẹ́ẹ̀ 1892 ni wọ́n dá Collingwood sílẹ̀, 1870 ni ti Port, ẹ ò rí i pé Port ṣàgbà ẹ̀ dáadáa.

Fáìnà náà ńkọ́, pápá MCG ní Melbourne ni wọ́n ti ń gbá a, àdéhùn sì wà nílẹ̀ títí di 2059. Bí Perth àti Brisbane bá pàdé, àwọn méjèèjì ló máa wọ bààlú.

Àmọ́ mi ò ní gbà pé líìgì Victoria lásán ni. West Coast yín ló kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀pù kúrò ní Victoria ní 1992. Jẹ́sì Sydney ṣì ní SMFC lẹ́yìn ọrùn, ìyẹn orúkọ South Melbourne, bó ṣe yẹ kéèyàn gbé àná ẹ̀ dání nìyẹn, ó wù mí kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún Adelaide àti Perth.

Ẹ mú àwọn ìbejì lọ wo WAFL, líìgì ìpínlẹ̀ yín, lọ́jọ́ kan, ó ṣì ń lọ. Kẹ́ ẹ sì bi bàbá yẹn pé tíìmù wo ló ń tì lẹ́yìn níbẹ̀ kí West Coast tó dé, ẹ jẹ́ kó jókòó sọ ọ́ fáwọn ọmọ.