Ìbọn Orí Àjà: Ṣé Ogun Ìmàgbọ̀n Ni Ó Ti Bọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nígbà tí a ń tún òrùlé ilé bàbá wa àgbà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, a bá ìbọn kan lórí àjà, tí wọ́n fi àpò wé. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé bàbá tó bí bàbá wa àgbà já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọmọ ogun òyìnbó ní Ìmàgbọ̀n ní ọdún 1892. Lára irin tó wà níwájú ìdí ìbọn náà, lápá ọ̀tún, mo rí adé, G.R. lábẹ́ adé, ENFIELD, 1917, SHT. L.E., àti III tí ìràwọ̀ kékeré kan tẹ̀ lé. Èló ni ó lè tó? Àbúrò mi ní kí kápẹ́ńtà fi sánpépà ha á kí ó sì kùn ún, kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa lè gbé e jáde ní Ojúde Ọba.
— Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó wà lára irin náà kí sánpépà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn àmì wọ̀nyẹn ni ìwé ẹ̀rí ìbí ìbọn yín.

Ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Lee-Enfield kúkúrú ni. Lee ni orúkọ ẹni tó ṣe ètò irin tí a ń fà sẹ́yìn àti àpò ọta rẹ̀, èyí tó ń gba ọta mẹ́wàá. Enfield ni ìlú tó wà lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù tí ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba wà nígbà náà. SHT. L.E. ni wọ́n fi gé orúkọ náà kúrú; SHT. dúró fún “short”, ìyẹn kúkúrú, nítorí pé ọ̀pá rẹ̀, tó tó íǹṣì 25, kúrú ju ti Lee-Enfield tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọdún 1907 ni irú kẹta rẹ̀, èyí tí III ń tọ́ka sí, jáde. Ìràwọ̀ kékeré yẹn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, ṣe pàtàkì: nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ gbóná, tí ìbọn kò sì tó fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n yọ àwọn ẹ̀yà kan kúrò lára rẹ̀ kí ó lè tètè yá ṣe, wọ́n sì fi ìràwọ̀ sàmì sí èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi lórí ti Ìmàgbọ̀n. Ọdún 25 ni ogun náà fi ṣáájú ọjọ́ ìbí ìbọn yìí. G.R. ń tọ́ka sí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ẹni tó gorí oyè ní 1910. Ọbabìnrin Fikitóríà ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, V.R. sì ni lẹ́tà tirẹ̀. Síbẹ̀, èmi kò ní sọ pé irọ́ ni àwọn àgbà yín pa. Ó ṣeé ṣe kí bàbá náà já ìbọn gbà lóòótọ́, kí ìyẹn ti sọnù, kí ìtàn rẹ̀ sì wá lẹ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá ṣì ń tú àjà náà, ìbọn Snider, tí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́, tàbí Martini, tó ní ọwọ́ irin gígùn lábẹ́, ni kí ẹ máa wò fún. Ọta kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti iye rẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù irú ìbọn yìí ni wọ́n ṣe, nítorí náà kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ nílẹ̀ òkèèrè ń wò ni bóyá nọ́ńbà ara irin tí a ń fà sẹ́yìn bá ti ara ìbọn mu, àti bóyá igi rẹ̀ ṣì pé títí dé ẹnu, nítorí pé àwọn ọdẹ gé igi iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò kí ó lè fúyẹ́. Wọ́n tún ń wá orí ọfà, tí í ṣe àmì ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí orí ọfà méjì bá kọjú ṣóńṣó sí ara wọn, ìjọba ti tà á jáde nìyẹn. Gbogbo èyí ni sánpépà yóò ha dànù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ kò lè tà á. Òfin ohun ìjà ti 1959 dárúkọ ìbọn ológun tó ń lo ọta oníwọ̀n íǹṣì .303, èyí tí tiyín ń lò, láàárín àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ní láìgba àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Pé ẹ jogún rẹ̀ kò yí èyí padà. Ìbọn ìbílẹ̀ tí àwọn ìdílé Balógun ń yìn lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, nítorí náà ẹ sọ fún àbúrò yín kí ó wá nǹkan mìíràn gbé jó.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ibi tí a fi ń yìn ín, torí ọta lè wà nínú rẹ̀ láti ìgbà ayé bàbá àgbà. Ẹ má sì gbé e sínú mọ́tò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ìwé sí wọn pé ẹ rí i nínú ogún, kí àwọn fúnra wọn wá gbé e, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á. Nínú ìwé kan náà, agbẹjọ́rò yín lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ó má lè yìn mọ́, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.